Ojú Pupa Inú Òdòdó

Zalihata, dá ọwọ́ dúró. Má já èyí.
Ó ṣì tutù bí ewé, ó ń fara wé ewé,
kò tíì mọ̀ pé òdòdó lòun.
Yẹ ìdí rẹ̀ wò, níbi tí ahọ́n mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti so pọ̀:
bí kò bá sí ojú pupa kan níbẹ̀,
bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú,
fi í sílẹ̀ lórí igi fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i.

A ti tẹ orí àwọn ìláńgìláńgì wọ̀nyí ba láti kékeré
kí ọwọ́ obìnrin lè tó wọn.
Wọ́n dà bí arúgbó tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀.
Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, agbọ̀n gbọ́dọ̀ ti dé ìdí ìkòkò,
torí òórùn ń bẹ̀rù oòrùn.
Bí oòrùn bá yọjú lẹ́yìn òkè Ntíríńgì,
òórùn á ká ẹní rẹ̀, á gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Ọdún tí owó fànílà wó lulẹ̀,
Toibrane ará Mùtsàmúdù ní kílò lòun ń rà,
òun kò ra ojú pupa.
A já gbogbo rẹ̀. A já tọmọ tìyá.
Echati, ìyá rẹ, já kílò mọ́kàndínlógún lówùúrọ̀ kan,
ó ń rẹ́rìn-ín, ìbòrí rẹ̀ ń já bọ́.
Mo ki igi máńgòrò bọ abẹ́ ìkòkò bàbà,
mo jókòó tì í lọ́sàn-án, mo jókòó tì í lóru.
Ohun tó kán sínú ìgò ń rùn bí koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé.
Toibrane fi ìka kan kàn án, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò.
Kò bínú.
Ìyẹn ló dùn mí jù.

Kásíkásì tún dé, afẹ́fẹ́ àríwá tó ń wọ́ òjò lẹ́yìn.
Òdòdó sanra, ó mu omi yó bí ọmọ tí kò gbọ́ràn;
agbọ̀n wúwo, ìgò fúyẹ́.
Ìgbà kúsì ńkọ́, tí ẹ̀ẹ̀rùn ń fẹ́ láti gúúsù?
Òdòdó á rù, á kéré, á dákẹ́,
ṣùgbọ́n bó bá lanu, ọ̀rọ̀ ló ń sọ.
Igi kan náà ni o. Gbòǹgbò kan náà, erùpẹ̀ dúdú kan náà.

Ọ̀dọ́kùnrin kan wá láti Moroni, ó gbé ìgò mẹ́rin lọ.
Ó ní ẹ̀rọ kan wà tó ń tú òróró palẹ̀ bí ẹni tú ẹrù àjò.
Nígbà tó padà, ó fi ìlà gọnbu-gọnbu hàn mí lórí bébà:
òkè gíga yìí, adùn òdòdó tó gbó ni;
nínú èyí tó tutù, òkè ọ̀hún kò ju ebè lọ.
Mo ní, "Ọmọ mi, òkè rẹ dára.
Imú mi ti gùn ún rí."

Àwọn tó fúyẹ́ ló ń kọ́kọ́ jáde nínú ìkòkò,
wọ́n ń ta sánsán, wọ́n ń sáré bí ọmọdé tí ilé kéú tú.
Àwọn tó wúwo ń bọ̀ lóru, wọ́n ń rìn bí aboyún,
òórùn igi lára wọn, òórùn ata díẹ̀.
Owó wọn kéré. Èmi fẹ́ràn wọn.
Lórí wọn ni mo ń jí iná sí, èmi nìkan,
láti ìgbà tí Echati ti lọ.

Àbí o ti já a? Mo gbọ́ bó ṣe ké pọ́.
Ó dáa. Fi í há etí.
Kò ní ta sánsán, ṣùgbọ́n ó yẹ ọ́.
Òmíràn wà lókè yẹn, ojú rẹ̀ ti pọ́n.
Na ọwọ́. Oòrùn ń bọ̀.